Ilé ìwé ní kí a gé irun Dàdá: ibo ni òfin dúró sí?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Lọ́yà. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń lọ sí ọdún mẹ́fà, dàdá ni, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bí i. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ilé ìwé tí a fẹ́ fi í sí. A ti san owó, a ti ra yunifọ́ọ̀mù, kí ọ̀gá ilé ìwé tó ní àfi kí a gé irun orí rẹ̀ kó tó lè wọlé, pé ìdọ̀tí ni, pé ẹ̀mí àìmọ́ sì wà nídìí ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní tí wọ́n bá gé e láìṣe ohun tó yẹ kí a ṣe, ọmọ á máa ṣàìsàn. Kírísítẹ́nì ni èmi àti ọkọ mi, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wá. Ẹnìkan ní Supreme Court ti dájọ́ lórí híjáàbù, pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí n lọ pe ilé ìwé lẹ́jọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n sì lè gé e ní tipátipá? Èmi ni, Ìyá Dàdá."

Ìyá Dàdá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka ìwé yín, mo sì rí i pé ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ju irun lọ. Ìyá ọkọ ń fà yín síhìn-ín, ilé ìwé ń fà yín sọ́hùn-ún, ẹ sì tún ń rò ó nínú ara yín pé bóyá Kírísítẹ́nì tó dá irun dàdá sí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú òfin rárá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Kò sí tíṣà, kò sí ọ̀gá ilé ìwé, kò sí pásítọ̀ tó lè ki àlùmọ́gàjí bọ orí ọmọ yín láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá dán an wò ti fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà tí òfin ń pè ní ìkọlù, abala 34 nínú ìwé òfin 1999, èyí tó dáàbò bo iyì ọmọ ènìyàn, sì wà níbẹ̀ de ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ìlànà ilé ìwé, ó ti di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí tó le ni pé kí wọ́n kọ̀ láti gba ọmọ wọlé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ jókòó sí.

Ẹni tó sọ fún yín pé Supreme Court ti yanjú ẹ̀ kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ dé ìdí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dájọ́ pé ìjọba Èkó kò lè ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí má lo híjáàbù lórí yunifọ́ọ̀mù ní ilé ìwé ìjọba. Adájọ́ méje ló jókòó. Márùn-ún gbà, méjì kọ̀. Kó tó débẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ti da ẹjọ́ náà nù ní 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti yí i padà ní 2016. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Adájọ́ Jide Falola ti ilé ẹjọ́ gíga Òṣogbo ti dá irú ẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹfà 2016. Ta ló gbàgbé ohun tó tẹ̀lé e ní Ìwó? Àwọn ọmọ Kírísítẹ́nì ní Baptist High School gbé ẹ̀wù kwáyà wọ̀ lọ sí kíláàsì. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè òfin gidi ni àwọn ọmọ yẹn ń bi wá: tí aṣọ ìgbàgbọ́ ẹnìkan bá lè gorí yunifọ́ọ̀mù, ti ta ni kò ní gorí ẹ̀? Lẹ́yìn ìdájọ́ 2022, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lọ́yà kan, Malcolm Omirhobo, fi wọ Supreme Court pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́yà lọ́rùn, owó ẹyọ lára, ìyẹ́ lórí, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀. Ó ní bí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bíi tòun ṣe ń múra nìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu àgbà ló ti jáde lọ́tẹ̀ yìí.

Àmọ́ ẹ wò ó o. Ilé ìwé ìjọba ni ti Èkó. Ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni tiyín. Àwọn tó pẹjọ́ híjáàbù gbé Kùránì àti Hádíìsì síwájú adájọ́ láti fi hàn pé ẹ̀sìn wọn ló pa á láṣẹ. Ìwé wo lẹ fẹ́ gbé kalẹ̀ lórí dàdá? Ìyá ọkọ yín ni ìwé yín. Ìdájọ́ híjáàbù kò wá sọ nǹkan kan nípa irun, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ohun tó ṣeé mú níbẹ̀ ni ìlànà tó dúró lé lórí: abala 38 nínú ìwé òfin 1999, èyí tó fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn, kò mọ sórí ohun tó wà lọ́kàn èèyàn, ó kan bí èèyàn ṣe ń fi í hàn nínú ìjọsìn, nínú ẹ̀kọ́ àti nínú ìṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà abala 45: òfin ni yóò fi dín in kù, òfin náà yóò sì jẹ́ èyí tó bọ́gbọ́n mu ní ìjọba tiwa-n-tiwa, nítorí ààbò ìlú, ìlera, ìwà ọmọlúàbí tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. "Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyí" kò sí nínú wọn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún abala 38 ẹsẹ kejì tí àwọn òbí máa ń gbé kiri. Ohun tó sọ ni pé a kò lè fipá mú ọmọ ilé ìwé láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kópa nínú ìjọsìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ó wúlò fún ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n ń fipá mú wá síbi ìsìn òwúrọ̀. Kò wúlò fún yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó wúwo jù: ṣé ẹ̀sìn ni dàdá? Tí ẹ bá bi mí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ifẹ̀, mo lè fi ẹ̀rín dáhùn, nítorí ta ló ń ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára bí a ṣe ń bímọ, tí a ń sọmọ lórúkọ, tí a ń sin òkú? Ẹ̀gbọ́n Ṣàngó ni Dàdá. Orí ọmọ dàdá, a kì í dédé fọwọ́ kàn án láìfowó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà ilé ìwé kò ní rẹ́rìn-ín. Yóò ní àṣà lásán ni, òfin kò sì sọ pé òmìnira àṣà, òmìnira ẹ̀sìn ló sọ. Irú àríyànjiyàn yìí gan-an ló dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ìlú ní South Africa ní 2007. Ọmọbìnrin kan tí ìran rẹ̀ wá láti Íńdíà lu imú, ó fi ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kékeré kan sí i, ilé ìwé Durban Girls' High School sì ní kó yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sọ òótọ́ níwájú gbogbo ayé pé ẹ̀sìn Hindu kò sọ ọ́ di dandan, pé àṣà ìdílé àwọn ni, nígbà tí ọmọbìnrin bá dàgbà. Ilé ìwé rò pé òótọ́ yẹn ló máa pa á. Adájọ́ Àgbà Langa ní rárá: ohun tí èèyàn fi ọkàn tòótọ́ ṣe nítorí ẹ̀sìn àti àṣà rẹ̀, ìbáà má jẹ́ dandan, yẹ fún ààbò, ilé ìwé ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé fífún ọmọ kan láàyè máa ba nǹkan jẹ́. Kò rí i fi hàn.

Ní Ghana, tó sún mọ́ wa jù, Achimota School ní Accra kọ àwọn ọmọkùnrin Rásítà méjì ní oṣù Kẹta 2021 nítorí irun wọn. Àwọn ọmọ yìí yege ìdánwò, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pín wọn síbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga pàṣẹ pé kí ilé ìwé gbà wọ́n wọlé tirun-tirun. Ti Jàmáíkà ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ kí ara wọn tó yá gágá. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kensington, 2018. Ilé ìwé ní kí wọ́n gé irun rẹ̀ nítorí ìmọ́tótó àti iná orí. Ẹ fiyè sí i: ìdí kan náà tí wọ́n sọ fún yín. Ilé ẹjọ́ dá ilé ìwé láre ní oṣù Keje 2020, nílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ Rásítà mọ́! Ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó yí i padà. Ìlú dúdú nìkan kọ́ o. Láti 2004 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí ọmọ ilé ìwé ìjọba má wọ ohun tó ń fi ẹ̀sìn hàn gbangba. Nígbà tí àwọn ọmọ Sikh, ẹlẹ́sìn kan láti Íńdíà tí kì í gé irun, gbé ẹjọ́ láwàní wọn dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọn kò rí ọ̀nà gbà. Nítorí náà tí ẹnìkan bá ní kò sí bí ẹ ṣe lè pàdánù, ẹ bi í léèrè bóyá òun ló máa san owó lọ́yà.

Kírísítẹ́nì tí ẹ jẹ́ ńkọ́? Kò pa yín lẹ́nu mọ́. Adájọ́ kì í wádìí bóyá ọmọ máa ṣàìsàn lóòótọ́ tí wọ́n bá gé e. Èmi náà kì í ṣe babaláwo, mi ò ní bá yín dáhùn ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni bóyá ẹ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè nínú kóòtù, ìbéèrè náà sì máa ń ta: Ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ? Ṣé pásítọ̀ yín mọ̀? Ta ló sọ fún yín pé ètùtù wà nídìí ẹ̀? Ẹni tó bá ti lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé oníṣẹ̀ṣe ni òun, tí wọ́n wá mú fọ́tò ibi tó ti ń kọrin nínú kwáyà jáde, ẹjọ́ ti dojú dé nìyẹn. Ẹ má sì lọ máa fi irun Sámsónì halẹ̀ mọ́ ilé ìwé, àyàfi tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ìjọ yín ń kọ́ni. Mo mọ ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti ń ya irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, tí irun rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Tó bá jẹ́ tiyín nìyẹn, ẹ sọ ọ́. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tó wà ńlẹ̀ gan-an: ilé Ọlọ́run là ń lọ, ohun ìdílé sì ni èyí, a bọ̀wọ̀ fún un, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin láti 1983, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú àṣà àwùjọ rẹ̀. Ẹ kò nílò irọ́.

Ibi tí èmi fúnra mi máa fi ẹsẹ̀ lé tó bá jẹ́ èmi ni lọ́yà yín, mo rí i pé ọ̀pọ̀ lọ́yà kì í wò ó. Ẹ jẹ́ kí n gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀. Ní Birmingham, ilé ìwé aládàáni kan, Park Grove School, kọ ọmọkùnrin Sikh kan nítorí pé kò ní gé irun, kò sì ní ṣí láwàní. Ọ̀gá ilé ìwé ní ilé ìwé Kírísítẹ́nì ni òun ń darí. Òfin tí wọ́n ní nígbà náà, ti 1976, lòdì sí kí a ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Kò dárúkọ ẹ̀sìn rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn nìkan ni lọ́yà wọn ń pariwo, ibi pẹlẹbẹ ni ẹjọ́ náà ìbá fi lélẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yà ni àwọn Sikh, wọ́n ní ìtàn tiwọn àti ìran tiwọn, House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn nígbà náà, sì gbà pẹ̀lú wọn ní 1983. Ilẹ̀kùn tó ṣí ni wọ́n gbà wọlé.

Ilẹ̀kùn tiwa wà nínú abala 42 ẹsẹ kejì. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan du ọmọ Nàìjíríà kankan, tàbí fi ìnira kàn án, kìkì nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Lórí ogún ni a ti máa ń gbọ́ ọ jù. Òun wà lára ohun tí Supreme Court fi ta àṣà tó ń fi ogún bàbá du ọmọbìnrin dànù nínú ẹjọ́ Ukeje ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹ kà á, kí ẹ sì wo ọmọ yín. Ta ló lọ sí ilé onídìrí láti lọ di irun ẹ̀? Dàdá, orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi Táíwò, bíi Àìná, bíi Òjó. Tí ilé ìwé kan bá ní àwọn kì í gba ọmọ tí ìwọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, gbogbo ìlú ló máa dìde. Ilé ìwé lè fèsì pé bí wọ́n ṣe bí i kọ́ ni àwọn ń bá jà, dídá tí ẹ dá a sí ni. Èsì yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé adájọ́ kò ní gbà á. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n máa wá èsì sí èyí ju kí wọ́n máa bi yín nípa ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Pé ilé ìwé aládàáni ni àwọn kò sì yọ wọ́n kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹjọ́ wa ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lórí ẹni tí kì í ṣe ìjọba. Ohun tó lè dènà yín ni ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń gba fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ kà á. Tí ọ̀rọ̀ irun bá wà níbẹ̀ tí ẹ sì fọwọ́ sí i, ẹjọ́ yín kò kú, àmọ́ ó ti ń tiro.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ máa ṣe, ẹ bá mi wo ọjọ́ orí àwọn ẹjọ́ yìí. Ọmọ tó wà ní JSS 1 nígbà tí wọ́n da ẹjọ́ híjáàbù nù ní 2014 ti parí sẹ́kọ́ńdìrì kí Supreme Court tó sọ̀rọ̀. Ọmọ Durban ti jáde ilé ìwé kí ìdájọ́ tó dé. Ọmọ Sikh ti wà ní ilé ìwé mìíràn níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó wé láwàní rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ àǹfààní ẹjọ́ irú èyí. Tí ẹ bá ní owó àti ọkàn láti ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ, mo kí yín. Àmọ́ tí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ kí ọmọ yín mọ A-B-D lọ́dún yìí, kóòtù ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Mo ti bá ìdílé kan lọ sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ rí, níhìn-ín ní Ifẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, fi ẹnu báírò gbé ìdì irun ọmọ náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Kò rí iná orí, kò rí làpálàpá. Ó wá tẹrí ba, ó gbóòórùn ẹ̀: òróró àgbọn. Ìyá ọmọ ní gbogbo Sátidé ni òun ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, tí òun ń jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn kí òun tó fi òróró pa á. Ẹnu obìnrin yẹn kò kúrò lórí ẹ̀mí àìmọ́ títí a fi jáde, kò yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà, a kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i padà. Ohun tó gbà ni pé kí ọmọ máa kó irun rẹ̀ sínú fìlà tó bá yunifọ́ọ̀mù mu, kí ilé ìwé máa yẹ orí rẹ̀ wò ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ti gbogbo ọmọ wò, kí tíṣà kankan má sì pè é ní ọmọ èṣù. A kọ ọ́ sórí abala ìwé kan, wọ́n fọwọ́ sí i, ó parí. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni ẹ lè fi ẹ̀rí borí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìmọ́, ẹ má bá wọn fà á.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kì í fẹ́ kí n sọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀ṣà àti ní Ifẹ̀ ló ń fá irun dàdá fúnra wọn kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Wọn á se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé àdúgbò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fá a; bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun náà lẹ́yìn ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé sí ilé. Ẹ bi ìyá ọkọ yín bóyá ó ti tó àsìkò lójú tiwọn. Tí wọ́n bá ní ó ti tó, tí ọkàn yín àti ti ọkọ yín sì gbà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ilé ìwé kò sì borí yín. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni pé ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́, kì í ṣe wọn. Tí ìyá bá ní kò tíì tó, ẹ padà sórí ìwé kíkọ.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ín. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí ìyá nìkan kọ, wọ́n máa ní bàbá kò mọ̀ sí i. Ẹ sọ pé dàdá ni wọ́n bí ọmọ yìí, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú irun náà, ẹ ní ẹ ṣetán láti lo fìlà àti láti jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹ orí rẹ̀ wò. Ẹ dárúkọ abala 38 àti 42, àti òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti gbà wọlé, èyí tó ní ire ọmọ ni kí a fi ṣáájú. Ẹ má halẹ̀. Ẹ kàn ní tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìwé tó ń fẹnu sọ ti ẹ̀mí àìmọ́ fàlàlà kì í fẹ́ kọ ọ́ sórí bébà tó ní orúkọ rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n bu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo ló ń fún ilé ìwé aládàáni níwèé àṣẹ, ẹ gbé ẹ̀dà lọ síbẹ̀. National Human Rights Commission ń gba ẹ̀sùn láìgba kọ́bọ̀. Tó bá wá di kóòtù, abala 46 ló rán yín lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kò sì sí pé ọjọ́ ti lọ lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti ìgbà tí ìlànà 2009 tí kóòtù fi ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti dé, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé yín. Tí owó bá ṣòro, ẹ béèrè Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà. Owó ilé ìwé tí ẹ ti san kí wọ́n tó dá ọ̀rọ̀ irun sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dá a padà nínú lẹ́tà kan náà tí wọn kò bá ní gba ọmọ, kí ẹ sì so rìsíìtì mọ́ ọn.